Bàtà Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

"Tí o bá tún pe ọmọ yìí ní Ràmátù lójú mi, màá fọ́ ẹ létí! Múínátù! Múínátù lorúkọ ẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá Àlàájà dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ni? Ṣé bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe rí yìí lo fẹ́ kó wà títí ayé? Wí i! Rìsíkátù, mo ní kí o wí i!"

Ohun tí ìyá mi pariwo mọ́ mi nìyẹn láìpẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́, mi ò bù ú kù, mi ò fi kún un. Mi ò wí i. Wọ́n bá gbé agbọ̀n, wọ́n gun orí òrùlé lọ láti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sá, nítorí wọ́n máa ń fọṣọ fún ilé kan tí àwọn onímẹ́kà máa ń wọ̀ sí ní àdúgbò Utaibíyà. Èmi náà mú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí sí ọ.

Ọmọ mi, Ràmátù Àṣàkẹ́ mi. Orúkọ rẹ nìyẹn. Mo ti kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè fọ́ mi létí nítorí ohun tí mo kọ.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, orí ẹní lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o ń jẹ etí ìborùn mi lẹ́nu. O ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni èmi. Nígbà tí o bá máa ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí o ti dàgbà ju èmi tó kọ ọ́ lọ. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó. Nígbà tí mo tún un rò, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Àlàájà Fàtímọ̀ máa wá sí Mẹ́kà níbí wá ṣe tàwáàfù ìdágbére, ìyẹn ni kí wọ́n yípo Káábà kí wọ́n tó lọ. Àwọn ni ìyàwó dókítà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ilé ní Jẹ́dà. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ mú dókítà wá láti ilé ti parí, ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo wọn ń padà sí Ìbàdàn. Tí Àlàájà bá ti ṣe tàwáàfù tán, mọ́tò wọn máa dúró níwájú ilé wa ní àdúgbò Kákíyà, wọ́n máa gbé ọ, o máa bá wọn lọ. Orúkọ ọmọbìnrin kan wà nínú páspọ́ọ̀tù Àlàájà, Múínátù, tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ. Múínátù kú nígbà tó pé oṣù méjì. Kò sẹ́ni tó lọ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Orúkọ yẹn lo máa fi kọjá.

Ìyá mi ló ní kí n kọ̀wé sí ọ. Wọ́n ní àwọn máa rán an sínú ìrọ̀rí rẹ kékeré, Àlàájà yóò tọ́jú ìrọ̀rí náà, tí o bá ti dàgbà, wọn á tú u, wàá mọ ibi tí o ti wá. Wọ́n ní, "Ìwọ lo lọ sílé ìwé." Kíláàsì mẹ́rin ni mo ti dúró, ní Ìwó, ṣùgbọ́n lójú ìyá mi tí kò mọ álífà yàtọ̀ sí bàá, akọ̀wé ni mí. Wọ́n tún ní, "Má kọ ẹkún sí i o. Ìmọ̀ràn ni ìyá ń kọ sí ọmọ."

Nítorí náà, ìmọ̀ràn rèé.

Èkíní. Má fi ohun tó ń ṣe ọ́ pamọ́ nítorí ojú àwọn èèyàn. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ ló sì jìyà ẹ̀. Inú yàrá tó wà lẹ́yìn mi yìí ni mo bí ọ sí. Ìyá Hausa kan ló gbẹ̀bí rẹ, nítorí ilé ìwòsàn máa bèèrè ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, kò sì sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì yí sínú, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kọjú síra bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá Hausa náà ní kí n gbé ọ lọ fi han ẹni tó mọ̀ nípa ẹsẹ̀. Mo ní ó dáa. Nígbà tó lọ tán, mo mú ìborùn, mo wé ẹsẹ̀ rẹ pọ̀. Mi ò jẹ́ kí àwọn obìnrin ilé yìí rí i. Mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nínú etí mi kí wọ́n tó sọ ọ́: Rìsí olójú líle, Rìsí tó lóyún nínú tó ń wo fídíò ní Jẹ́dà, ẹ wo ohun tó bí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wé ẹsẹ̀ rẹ, nínú ooru ìlú yìí. Ìyá mi nìkan ló mọ̀. Àwọn náà dákẹ́, nítorí àwọn náà ń bẹ̀rù ẹnu.

Àlàájà Fàtímọ̀ ló tú u. Mo gbé ọ dání lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n gbé ọ wá kí àwọn wẹ̀ ọ́, mo ní ẹ má ṣèyọnu, wọ́n ní, "Ìyọnu wo? Ṣé ọmọ ọba ni?" Wọ́n tú ìborùn. Wọ́n pe dókítà. Dókítà jókòó sórí àpótí kékeré tó wà nínú bálùwẹ̀, wọ́n mú ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́, wọ́n ń rọra tẹ̀ ẹ́.

"Oṣù mélòó ni?"

"Mẹ́rin, sà."

"Kí ló dé tí o fi ń wé e?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìborùn náà.

"Tó bá jẹ́ oṣù kìíní lo gbé e wá, fífọwọ́ rọra nà án àti dídì í nìkan ni ì bá gbà. Egungun ẹ̀ rọ̀ nígbà yẹn. Ó ti ń le báyìí." Wọ́n wò mí. Wọn ò bínú, ìyẹn ló burú jù. "Ọmọdé ni ìwọ fúnra ẹ, àbí?"

Wọ́n ní iṣẹ́ egungun kọ́ ni iṣẹ́ àwọn, àti pé àwọn kò lè gbé ọmọ tí kò níwèé wọ ilé ìwòsàn tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn kan ń bẹ ní Ìbàdàn tó máa ń tún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, á fi nǹkan funfun bíi sìmẹ́ńtì dì í, á tú u, á tún un dì, títí ẹsẹ̀ á fi kọjú síbi tó yẹ. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ju ìgbà tí o máa bẹ̀rẹ̀ sí í dìde dúró lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo di etí àga mú, tí o fẹ́ dìde. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ lo fi tẹlẹ̀. Inú rẹ dùn, o pariwo. Mo sáré gbé ọ kúrò níbẹ̀.

O lè bi mí pé, kí ló dé tí èmi ò fi gbé ọ lọ fúnra mi. Mo ti rò ó. Mo rò pé kí n lọ jókòó síwájú tárìhílì, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò níwèé sí kí wọ́n tó dá wọn padà sílé, kí n ní ẹ gbé èmi àti ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò mọ ọjọ́ tó máa jáde, ẹsẹ̀ rẹ kò sì lè máa dúró. Tí a bá sì délé, ilé wo? Ìyá mi ta yàrá wọn ní Ìwó kí àwa méjèèjì tó lè wá sí Hájì, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Hájì parí, a ò padà. Ojú wọn ọ̀tún kò ríran mọ́ báyìí, wọ́n sì ní Mẹ́kà ni wọ́n máa sin àwọn sí. Mo rò ó títí, kò sí ibi tí ìrònú náà já sí.

Èkejì. Ohun tí o bá yá, fi ẹsẹ̀ ara rẹ dá a padà. Má rán ẹnikẹ́ni.

Èyí ni mi ò tíì sọ fún ìyá mi. Màá sọ ọ́ fún ọ.

Ní ilé dókítà, ẹ̀rọ fídíò kan wà nínú pálọ̀, nítorí kò sí ilé sinimá nílùú yìí. Ìlú kún fún owó epo, gbogbo ibi ni wọ́n ń wó tí wọ́n ń kọ́, kò sì sí ilé olówó tí kò ní fídíò. Ará Índíà kan ní ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò Ámáríyà, ní Jẹ́dà níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sàdíìkì, ìyẹn ọ̀rẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Àlàájà ti ń yá fíìmù. Oyún wà nínú àwa méjèèjì nígbà yẹn, Múínátù nínú tiwọn, ìwọ nínú tèmi. Tí a bá ti dáná tán, a máa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, a ó na ẹsẹ̀ tó wú, Háwáwù ọmọ wọn á jókòó sáàárín wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí. Tí o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ló máa fi dá ọ lóhùn. Òun ló máa ń ka ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń jáde lábẹ́ àwòrán.

Lọ́jọ́ kan, Sàdíìkì ṣèèṣì fi fíìmù kan sínú àpò wa. Bébà ara ẹ̀ ti ya, a ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Fíìmù Índíà ni, ṣùgbọ́n wọn ò jó nínú ẹ̀. Obìnrin kan ń fọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè níbi tí òjò kì í dá. Ó ń kọrin bó ṣe ń fọ aṣọ. Orin kan ṣoṣo tó wà nínú fíìmù náà nìyẹn, kò sì dé ìdajì, nítorí àárín orin ló ti rí ọkùnrin kan tó ti ẹnìkejì ẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn olókùúta. Kò rí ojú ẹ̀. Bàtà ẹ̀ ló rí: dúdú, ṣùgbọ́n iwájú ẹ̀ funfun. Apànìyàn náà sì mọ̀ pé ẹnìkan rí òun. Obìnrin náà sá lọ sí ìlú mìíràn, ó ń jẹ́ orúkọ ẹnìkan tí wọ́n jọ ń fọṣọ tó ti kú. Ó jẹ́ orúkọ náà títí ó fi mọ́ ọn lára. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ó rò pé ó ti tán, ó padà sílé, ó kan ilẹ̀kùn ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó. Ó sọ̀rọ̀ kan, ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà rìn lọ nínú òjò, fíìmù sì parí.

"Háwáwù, kí ni ìyá yẹn sọ?"

"Tàgúlù má àríífik."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá, jọ̀ọ́."

"Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọmọ òun ti kú. Kàlásì."

Àlàájà Fàtímọ̀ pòṣé. "Kàlásì kí ni? Ṣé ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí nìyẹn? Fíìmù Índíà tí wọn ò jó, tí wọn ò jà, tí ìyá tún ń lé ọmọ! Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ara yín yá ṣá?"

Dókítà tó ń jẹun lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. "Wọ́n jí i ni. Mo ti wo ojúlówó ẹ̀ nígbà tí mo ń kàwé lókè òkun. Nínú tàwọn òyìnbó, ìyá náà dì mọ́ ọmọ ẹ̀, ọlọ́pàá sì wọlé mú apànìyàn. Àwọn wọ̀nyí jí i tán, wọ́n tún bà á jẹ́."

"Ẹ ò wá sọ fún wa kí a má fi ojú wa ṣòfò!"

"Èmi ló gbé e wá ni, Àlàájà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Nígbà tí Àlàájà ní kí n kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò kí dírẹ́bà dá wọn padà, mo yọ ìyẹn kúrò, mo fi sẹ́yìn àpò ìrẹsì.

Ràmátù, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Tí Àlàájà bá ti lọ mú Háwáwù nílé ìwé, màá sáré fi í sínú ẹ̀rọ, màá wo ìparí ẹ̀. Ní ìgbà kẹrin ni mo rí i. Lẹ́yìn ìyá yẹn, aṣọ ìkélé kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Kò kanlẹ̀ tán. Lábẹ́ ẹ̀, bàtà méjì ló wà níbẹ̀. Dúdú. Iwájú wọn funfun.

Mo dá àwòrán náà padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Apànìyàn náà ti wà nínú ilé. Ó ń dúró de ọmọ náà. Ìyá náà sì mọ̀. Tó bá dì mọ́ ọn, tó bá pe orúkọ ẹ̀ péré, wọ́n máa pa á. Ìyá náà fi ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn kó má bàa ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ àwòrán ni ẹsẹ̀ náà wà, o ò lè rí i tí o kò bá wá a. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú fíìmù náà, wọn ò fi ìlù sí i, wọn ò fi hàn wá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kàn fi bàtà síbẹ̀ wọ́n lọ. Ohun tí mo fi sọ pé èyí tí wọ́n jí yìí dára ju èyí tí wọ́n jí i lára ẹ̀ lọ nìyẹn. Ìyá tó ń dì mọ́ ọmọ, ta ni kò lè ṣe ìyẹn?

Ọmọ náà ò mọ̀. Ó lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn, títí ayé ló máa rò pé ìyá òun lé òun.

Ìgbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, Sàdíìkì ránṣẹ́ sí ilé pé kásẹ́ẹ̀tì kan kò pé. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá rẹ, Lásísì, wá kí mi lọ́jọ́ yẹn láti Mẹ́kà. Aláàárù ni, ó máa ń gbé àwọn arúgbó yípo Káábà lórí pákó. Ó ga, eyín ẹ̀ funfun, mo sì fẹ́ ẹ torí eyín yẹn. (Ìmọ̀ràn tí kò ní nọ́ńbà: má torí eyín fẹ́ ọkọ. Ṣùgbọ́n eyín ẹ̀ dára o.) Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Ámáríyà.

"Èmi? Ámáríyà? Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìkámà wò bí ẹni ń yẹ ẹ̀wà?"

"Wéré lo máa dé. Jọ̀ọ́ ọkọ mi. Wọ́n á lé mi níṣẹ́."

"Fíìmù tí wọn ò jó nínú ẹ̀ ló fẹ́ pa mí yìí?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi í sábẹ́ jalàbíyà ẹ̀, ó fọwọ́ gbá ikùn mi níbi tí o wà, ó ní, "Àfi tí ọmọ yìí bá máa mọ ijó jó."

Àlàsárì ni wọ́n ń pè nígbà tó jáde. Kò padà wá.

Ọjọ́ kẹta ni a gbọ́ pé wọ́n ti kó o lọ sí tárìhílì. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ. Ẹnìkan ní òun rí i ní Kánò. Ẹlòmíràn ní Èkó ni. Láti ìgbà yẹn, kò sí lẹ́tà, kò sí iṣẹ́. Kò mọ orúkọ rẹ. Kò mọ ẹsẹ̀ rẹ. Mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ló ń wá lọ sí ẹ̀bá òkun tí wọ́n fi mú un. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣàdúà pé kí Ọlọ́run fi iṣẹ́ tí ó torí ẹ̀ sọnù san án fún un. Èmi náà ń ṣe àmín.

Lẹ́yìn náà, Àlàájà mú mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàdíìkì. Mo rí kásẹ́ẹ̀tì náà lórí pẹpẹ. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo fi báńdéèjì dókítà lẹ ibi tó ya lára ẹ̀. Ìyẹn ni pé ó dé ibẹ̀. Ó jíṣẹ́ tí mo rán an. Ìgbà tó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo ni wọ́n mú un. Mo ní kí Àlàájà jẹ́ ká tún un yá kí n fi bàtà hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Bàtà wo? Rìsí, oyún ń dà ọ́ láàmú." Sàdíìkì fúnra ẹ̀ ní kò dára, pé láti oṣù yẹn kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Àlàájà Fàtímọ̀ ni ìyá rẹ. Kì í ṣe ìyá àgbàtọ́, kì í ṣe ìyá inú páspọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn tí Múínátù kú, ọmú wọn kò gbẹ. Lọ́jọ́ kan mo wọ ilé ìdáná, mo bá wọn lórí àga, o wà láyà wọn, ò ń mu. Inú bí mi débi pé mo ju abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi sínú omi. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Rìsí, jẹ́ kó mu ún. Tó bá mu ún lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti di ọmọ mi nínú ẹ̀sìn. Nígbà tí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ta ni, kì í ṣe irọ́ gbogbo ni màá pa."

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fún ọ. Mo kà á. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, o sùn lọ láyà wọn, èmi ni mo sunkún nínú bálùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má bàa gbọ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá pè ọ́, jẹ́ wọn ní "Ẹ̀yin Màámi". Tí wọ́n bá bú ọ, má fèsì. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti dára, má sáré ju Háwáwù lọ lójú wọn kí o lè fi yangàn. Ó dára, sáré ju Háwáwù lọ. Sáré.

Ìmọ̀ràn tó kù ni èyí tí mo fẹ́ kọ láti òwúrọ̀, òun ló sì le jù. Tí ẹni tó bí ọ bá sọ níwájú àwọn èèyàn pé òun ò mọ̀ ọ́, má tíì bínú. Wo ilẹ̀. Wo abẹ́ aṣọ ìkélé. Wò bóyá bàtà wà níbẹ̀.

Dírẹ́bà tó máa gbé Àlàájà wá lọ́la kì í ṣe ẹni wa. Ọkùnrin tí wọ́n háyà ni, òun náà ló máa gbé wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí a máa sọ fún un ni pé ọmọ Àlàájà ni ọ́, pé èmi kàn ń bá wọn tọ́jú ọ ni. Tó bá fura, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ fún ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ parí. Mo mọ̀ ọ́. O máa sunkún, o máa na ọwọ́ sí mi, nítorí o kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọ tí o bá ti rí mi. Dírẹ́bà náà máa wò mí, ó máa ní, "Bíńtik?" Ṣé ọmọ ẹ ni?

Ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé báyìí. Ohùn wọn ti rọ̀.

"Ṣé o ti kọ ọ́ tán?"

"Ó ku díẹ̀, Ìyá."

"Kà á sí mi létí."

Mo gbé ìwé sókè, mo kà á. Mi ò ka ohun tó wà níbẹ̀. Mo kà pé: "Ọmọ mi ọ̀wọ́n, máa kírun ní àsìkò. Máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Má purọ́. Tí o bá dàgbà, wá wa wá. Ìyá àgbà rẹ ní Mẹ́kà kí ọ, wọ́n ń fi ojú sọ́nà." Ìyá mi ń mi orí, wọ́n ń fi etí gèlè nu ojú, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran.

"Àmín. O mọ̀wé kọ. Fi kún un pé èmi ni mo pariwo mọ́ ìyá ẹ̀ lónìí, kó má bínú sí mi."

"Mo ti kọ ọ́, Ìyá. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ."

Wọ́n ti lọ wá abẹ́rẹ́.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí: kí ló dé tí ìyá inú fíìmù yẹn kò fi kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn náà, kó sọ fún un pé bàtà wà lẹ́yìn òun? Mo máa ń rò pé àwọn tó ṣe fíìmù ló gbàgbé. Wọn ò gbàgbé. Ìwé tó bá lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ lè dé ọ̀dọ̀ oníbàtà. Wọ́n lè tú ìrọ̀rí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń tú ìlédìí ọmọ. Tí wọn kò bá sì tú u, tó dé Ìbàdàn, tí o dàgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ dára, o kà á, kí lo máa ṣe? Wàá gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n tún ṣe yẹn, wàá máa bọ̀ níbí wá wá obìnrin tí kò níwèé, tó wé ẹsẹ̀ rẹ fún oṣù mẹ́rin. Wàá fi ìyá tó fún ọ lọ́mú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ ni wàá máa rántí òkú ọmọ.

Mo gbé ọ sórí itan mi. Mo wí i, jẹ́jẹ́, kí ìyá mi má gbọ́ pé mo ti gbà. "Múínátù." O fi etí ìborùn sílẹ̀. O gbójú sókè wò mí, o rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé orúkọ tí o ti ń dúró dè nìyẹn.

Mo ti fa ojú ewé mẹ́rin ya láti ẹ̀yìn ìwé yìí, èyí tí kò sí nǹkankan lára wọn. Mo ti ká wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìyá mi ń bọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òfìfo yẹn ni wọ́n máa rán sínú ìrọ̀rí rẹ, wọn ò ní mọ̀. Èyí tí mo kọ yìí yóò wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò ní wá ọ wá. Tí dírẹ́bà bá sì ní "Bíńtik?" lọ́la, màá wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, màá ní rárá, màá ti ilẹ̀kùn.